Ta Ní Ń Bẹ Lẹ́yìn Rẹ̀?

Òwe kan wà tí àwa Yorùbá máa ń pa, tí ó jẹ́ pé bí a bá tú u wò dáadáa, ìlànà ìwádìí ni, ìlànà tí ó léwu sì ni pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn létí, ó sì jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ inú rẹ̀ wò, ohun méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn ni a óò bá níbẹ̀, kò sí ẹ̀kẹta. Igbe kan wáyé, ikú kan wáyé. Ẹnu ni ó so méjèèjì pọ̀. Ẹ̀wẹ̀, àwọn àgbà kan náà ni wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Òwe kejì yìí kò dárúkọ apànìyàn kankan. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí a má ṣe fi ojú yẹpẹrẹ wo ohun tí ó ṣàjèjì, kí a wá ìdí rẹ̀ kàn. Àárín òwe méjèèjì yìí ni mo fẹ́ dúró sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ nípa àwọn alágbára tí a kò rí, àwọn tí a ní wọ́n ń jókòó sínú òkùnkùn tí wọ́n ń darí ìlú, ti di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń rẹ́rìn-ín, tí àwọn ará ọjà sì ń fi búra. Mo gbà pé ẹ̀rín náà yá jù, ìbúra náà sì yá jù.

Ẹ jẹ́ kí á ti Bọ́ládé ní Ọ̀ṣòdì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Bọ́ládé ní àwọn ọdún 1990 yóò rántí àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ sí Agége. Wọn a tẹ́ ìwé ìròyìn sórí pákó ní òwúrọ̀, àwọn ọkùnrin tí kò lówó láti rà á a sì pagbo yí i ká, wọn a máa ka àkọlé ńláńlá tí ó wà lójú ewé kìn-ín-ní, wọn a sì máa jiyàn. Alágbàṣe wà níbẹ̀, olùkọ́ tí wọn kò tíì san owó oṣù rẹ̀ wà níbẹ̀, awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí kò ní alága ni. Ohunkóhun tí ìwé ìròyìn bá gbé jáde, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń fi kádìí rẹ̀: ta ní ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀?

Ní oṣù kejì ọdún 1999, wọ́n mú ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Clifford Orji lábẹ́ afárá ní ibùdókọ̀ Toyota, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Ọ̀ṣòdì lọ sí Àpápá. Wèrè ni àwọn tí ń kọjá lójoojúmọ́ ka ọkùnrin náà sí. Egungun ènìyàn àti ẹran ara tí a ti yan ni wọ́n sọ pé àwọn bá ní ibùgbé rẹ̀. Ẹ̀rù ba gbogbo Èkó. Síbẹ̀, kì í ṣe egungun ni ìjiyàn dá lé lórí ní Bọ́ládé. Ohun tí ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn kan ni ìròyìn tí àwọn ìwé ìròyìn gbé jáde pé tẹlifóònù alágbèéká wà lọ́dọ̀ ọkùnrin náà, àti ìwé sọ̀wédowó pẹ̀lú.

Àwọn ọ̀dọ́ òde òní lè má mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù fi mi ìlú tìtì bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, àpapọ̀ gbogbo tẹlifóònù tí iléeṣẹ́ NITEL so fún àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 400,000 lọ, àwa tí a wà ní orílẹ̀-èdè náà sì ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ dáadáa. Èyí tí ó ṣeé gbé káàkiri nínú wọn kò tó nǹkan, ọwọ́ àwọn olówó àti àwọn ọ̀gá ológun ni ó wà. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni tẹlifóònù GSM tó dé tí ó sọ ọ́ di ohun tí aláta ń lò. Nítorí náà, nígbà tí ará Bọ́ládé kan bá sọ ní ọdún 1999 pé ẹni tí ń gbé abẹ́ afárá kò lè ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan tí ó lówó fi í sí i lọ́wọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan ni ó sọ. Ó mú ohun tí ó mọ̀ nípa ìlú, ó gbé e ka iwájú ohun tí ó kà, ó sì béèrè ẹni tí ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ìrònú olùwádìí ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ńkọ́? Ta ní ń pè é? Orúkọ ta ni ó wà lórí sọ̀wédowó?

Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí nìyí: sọ̀wédowó kì í ṣe ohun awo. Orúkọ báńkì wà lójú rẹ̀, nọ́ńbà àkántì wà níbẹ̀, ìbuwọ́lùwé wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ó wà, ọ̀sẹ̀ kan tó fún ọlọ́pàá láti mọ ẹni tí ó ni ín. Bí ó bá jẹ́ irọ́ ni, ọjọ́ kan ṣoṣo tó láti jáde sọ fún ayé pé irọ́ ni, kí a sì fi àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí a bá lọ́dọ̀ ọkùnrin náà han àwọn oníròyìn. Kò sí èyí tí a ṣe nínú méjèèjì tí ó tẹ́ àwọn ènìyàn lọ́rùn. Wọ́n gbé Orji lọ sí ẹ̀wọ̀n Kìrìkìrì, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà ń falẹ̀, ọ̀rọ̀ bóyá orí rẹ̀ pé tàbí kò pé ń wọ́lẹ̀, títí ó fi kú sí ẹ̀wọ̀n ní oṣù kẹjọ ọdún 2012. Ilé ẹjọ́ kankan kò dá a lẹ́bi, kò sì sí èyí tí ó dá a láre. Ọdún 13 ni ó lò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí àwọn ará Bọ́ládé yé sọ àhesọ, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n sì ní ìdí mìíràn tí wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ọdún mẹ́ta kò tíì pé nígbà náà tí wọ́n mú ọkùnrin kan ní Òwèrrì tí ó gbé orí ọmọdékùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ dání. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1996 ni. Ọ̀rọ̀ náà tọ òtẹ́ẹ̀lì kan tí a ń pè ní Otokoto lọ, ilẹ̀ sì ni wọ́n ti wú òkú ọmọ náà. Inú bí àwọn ará ìlú, wọ́n dáná sun òtẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n sì dáná sun ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí owó wọn jáde láìpẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ikú fún Olóyè Vincent Duru tí ó ni òtẹ́ẹ̀lì náà àti àwọn mìíràn. Níbẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ lábẹ́lẹ̀ nípa olówó kan di ohun tí adájọ́ kà jáde ní gbangba. Ẹni tí ó bá sọ pé gbogbo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ àlá àwọn tálákà, ó yẹ kí ó ka ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èrò Òwèrrì ń ti ilé kan dé òmíràn pẹ̀lú epo bẹntiróòlù, ta ni ó dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbogbo ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó ni ó jẹ̀bi?

Yorùbá kò bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé ní àjèjì rárá. Àwọn ará Yúróòpù ní ìtàn nípa ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ tí ó fẹ́ gba ayé, irú èyí tí wọ́n ń sọ nípa ẹgbẹ́ Illuminati tí a dá sílẹ̀ ní Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1776, tí ìjọba ibẹ̀ sì ti fi òfin tú ká kí ọdún mẹ́wàá tó lé díẹ̀ tó pé. Ní tiwa, ẹgbẹ́ awo kò jẹ́ ìtàn; òun ni ìjọba gan-an. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ ọ́ kedere pé láàrin àwọn Ẹ̀gbá, Ògbóni ni ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn ni wọ́n ń yan ọba, àwọn ni wọ́n ń ṣe ìdájọ́ ọ̀rọ̀ tó bá mú ẹ̀jẹ̀ dání. Àwọn Ológun wà, àwọn Pàràkòyí tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ òwò wà, ṣùgbọ́n ilédì ni ọ̀rọ̀ ti ń gbó. Ní Ìjẹ̀bú, Òṣùgbó ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ní Ọ̀yọ́, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí Peter Morton-Williams tẹ̀ jáde ní ọdún 1960 ti fi hàn, Ògbóni wà láàrin Aláàfin àti Ọ̀yọ́ Mèsì, kò jẹ́ kí apá kan tẹ èkejì rì. Obìnrin kan ni ó sì ń ṣojú Aláàfin níbẹ̀, tí ó ń mú ọ̀rọ̀ wọn wá sí ààfin.

Ohun tí mo fẹ́ kí á fi ọkàn sí ni irú awo tí awo yìí jẹ́. Gbogbo ará ìlú ni ó mọ ilédì. Ọmọ kékeré lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i. Wọ́n mọ Olúwo, wọ́n mọ Àpènà tí ń pe ìpàdé, wọ́n mọ Erelú tí ó jẹ́ obìnrin láàrin wọn. Nígbà tí àgbà kan bá ju ìtàgbé sí èjìká, kò sí ẹni tí ó ń ṣe kàyéfì nípa ẹgbẹ́ tí ó wà. Ohun tí ó pamọ́ ni ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn àti ohun tí wọ́n fi ilẹ̀ búra lé lórí. Àwọn ènìyàn náà kò pamọ́. Bí ẹjọ́ bá wọ́, a mọ ẹnu ọ̀nà tí a ó kàn. Èyí kò sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Ẹni tí ó bá ka ìtàn Abẹ́òkúta yóò rí i pé wọ́n fi agbára jẹun, wọ́n fi agbára pa ẹnu aláìṣẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin kí a má mọ ohun tí àwọn alágbára ń sọ àti kí a má mọ àwọn ẹni tí ó jẹ́ alágbára. Ìgbà tí èkejì yìí bẹ̀rẹ̀ ni àhesọ gbilẹ̀ láàrin wa, mo sì gbà pé ìjọba amúnisìn ni ó mú un wá. Nígbà tí wọ́n gba ìdájọ́ kúrò nílé Òṣùgbó tí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, ẹgbẹ́ náà kò kú. Agbára rẹ̀ ni ó wọlẹ̀ lọ.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà àrà. Àwọn ọ̀làjú Èkó ti ń wọ ẹgbẹ́ Freemason ti àwọn òyìnbó kí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó parí. Ní ọdún 1914, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, T. A. J. Ògúnbíyìí, ẹni tí ó di ásídíákónì, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó kọ́kọ́ ń jẹ́ Ògbóni àwọn Kristẹni, tí orúkọ rẹ̀ sì wá di Ògbóni tí a tún ṣe. Bí àwọn òyìnbó bá lè ní ẹgbẹ́ àmì àti ìbúra tí àlùfáà àti adájọ́ wọn wà nínú rẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí Yorùbá ní tirẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ bínú sí i títí ó fi kú. Àwọn agbẹjọ́rò, àwọn oníṣòwò, àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba àti àwọn ọba wọlé síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti wà lẹ́nu àwọn ará Èkó tí kò kúrò: pé bí o bá ní ẹjọ́ ní kóòtù tí alátakò rẹ sì bọ adájọ́ lọ́wọ́ ní ọ̀nà kan, o ti jẹ̀bi kí o tó dé. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́.

Ṣé òótọ́ ni? Àwọn tí wọ́n kọ òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Òfin ìpìlẹ̀ ti ọdún 1979, àti ti ọdún 1999 lẹ́yìn rẹ̀ ní abala 38, fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn àti èrò ọkàn, ó sì fi kún un pé òmìnira yìí kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ òkùnkùn sílẹ̀ tàbí láti wà nínú rẹ̀. Àlàyé tí abala 318 ṣe nípa ohun tí ẹgbẹ́ òkùnkùn jẹ́ wù mí púpọ̀. Kò sọ pé ẹni tí ó ní àmì àti ìbúra ti jẹ̀bi ná. Ó sọ nípa ẹgbẹ́ tí àmì àti ìbúra rẹ̀ wà fún kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè máa ran ara wọn lọ́wọ́ nínú ohun gbogbo láìka ẹ̀tọ́, òdodo àti ohun tí ó tọ́ sí ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ sí. Ó sì tún sọ nípa ẹgbẹ́ tí orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ìpàdé rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ tí ará Èkó ń sọ nípa ìbọwọ́ kóòtù ni a fi èdè òfin kọ yìí! Àwọn agbẹjọ́rò tí wọ́n kọ ọ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú wọn ti mọ ọwọ́ náà bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo ìgbà ìjọba ológun, nítorí pé ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ Bọ́ládé mọ̀ ju NTA lọ. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1996, a yìnbọn pa Kudirat Abíọ́lá ní ọ̀sán gangan ní Ìkẹjà. Àwọn ènìyàn ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ẹgbẹ́ apànìyàn kan wà nínú ilé ìjọba fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ó sì lè gbé ènìyàn dé àtìmọ́lé. Lẹ́yìn tí Abacha kú ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ọdún 1998, ológun kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sájẹ́ǹtì Rogers jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun ni òun yìnbọn náà, pé wọ́n rán òun ni. Ó tún yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nígbà tí ó yá. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ikú fún Hamza al-Mustapha àti ẹnìkejì rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2012. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dá wọn sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2013, nítorí pé ẹ̀rí kò tó. Ní ti owó, àhesọ tilẹ̀ kéré sí òótọ́. Wọ́n ń sọ pé Abacha kó owó pamọ́ sí òkè òkun. Láti ìgbà náà ni Switzerland ti dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là padà, ní ọdún 2020 sì ni ohun tí ó ju 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ tún wá láti Jersey, erékùṣù kékeré kan tí èmi kò rò pé ẹnikẹ́ni ní Bọ́ládé ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ ikú M. K. O. Abíọ́lá ni ó yàtọ̀. Ọjọ́ keje oṣù keje ọdún 1998 ni, ó ń bá àwọn aṣojú Amẹ́ríkà, Thomas Pickering àti Susan Rice, sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ní Àbújá, ó mu tíì, àìsàn kì í, ó sì kú. Àwọn oníṣègùn láti òkè òkun yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n ní àìsàn ọkàn ni. Títí di òní, bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá ní Ọ̀ṣòdì, ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀ tíì lẹ́nu ẹni mẹ́jọ. Èmi gba ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn náà. Ọkùnrin tí a tì mọ́lé fún ọdún mẹ́rin láìjẹ́ kí dókítà rẹ̀ máa tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ kò nílò májèlé kí ó tó kú. Bí ìjọba bá ti ènìyàn mọ́lé títí ọkàn rẹ̀ fi dáwọ́ dúró, ìjọba náà ni ó pa á, ife tíì kò sì fi nǹkan kan kún un. Ìyẹn ni ó fi dùn mí pé ọ̀rọ̀ tíì ni ó gba ẹnu gbogbo ayé: ó gbé ẹ̀bi kúrò lọ́wọ́ àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, ó gbé e fún ọwọ́ tí a kò rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹni tí ń bá àwọn ènìyàn wí pé wọn kò gba àyẹ̀wò dókítà gbọ́ yẹ kí ó rántí pé ní oṣù kan péré ṣáájú, wọ́n ti sin Abacha ní ọjọ́ tí ó kú gan-an láìyẹ òkú rẹ̀ wò. Ẹnu tí ó ti parọ́ fún ọdún márùn-ún kò lè di ẹnu òtítọ́ ní ọjọ́ kan.

Mo ti gbèjà àwọn ará Bọ́ládé tó. Ó ku ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù lára wọn. Ní ọdún 1990, àhesọ kan gba Èkó àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn kan pé àwọn kan ń fi ìbọwọ́ tàbí ìfarakanra jí nǹkan ọkùnrin gbé, pé àwọn olóògùn owó ni ó rán wọn. Ènìyàn kan á kígbe lójú ọ̀nà, èrò á sì bo ẹni tí ó súnmọ́ ọn. Oníṣègùn ọpọlọ kan, Sunny Ilechukwu, kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1992. Nígbà tí a bá yẹ ẹni tí ó kígbe wò tí a sì rí i pé ohun tí ó ní ó sọnù wà níbẹ̀ gedegbe, ó lè sọ pé ìgbà tí wọ́n na olè náà ni ó dá a padà, tàbí pé kì í ṣe bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ ni ó padà wá. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan bá sọnù, olè wà. Bí nǹkan bá wà níbẹ̀, olè wà. Ọ̀rọ̀ sọ̀wédowó ti ọdún 1999 ní ibi tí a lè gbá a mú: ẹ lọ sí báńkì, ẹ wò ó. Èyí kò ní. Ó sì tún padà wá ní ọdún 2001 ní Ọ̀ṣun, níbi tí wọ́n ti dáná sun àwọn ènìyàn nítorí rẹ̀.

Ti Ìkòròdú le jù, nítorí pé níbẹ̀, ẹgbẹ́ òkùnkùn náà wà lóòótọ́. Láàrin ọdún 2016 sí 2018, àwọn tí a ń pè ní Badoo ń wọ ilé lóru, wọ́n ń fi ọmọ ọlọ fọ́ orí bàbá, ìyá àti ọmọ lórí ibùsùn. Ìròyìn kàn pé wọ́n ń fi aṣọ ìnujú nu ẹ̀jẹ̀ lọ fún àwọn olówó. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ òru. Ní oṣù keje ọdún 2017, wọ́n dá ọkọ̀ kan dúró. Apanilẹ́rìn-ín kan tí ó ń bọ̀ láti òde eré àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní Badoo ni wọ́n, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Pé ẹgbẹ́ kan wà kò sọ pé ẹni tí ó dúró níwájú rẹ wà nínú rẹ̀. Gbólóhùn kúkurú ni, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò lè fi sọ́kàn nígbà tí inú bá ń bí wọn.

Nígbà tí ẹnìkan bá wá sọ fún mi pé àwọn kan wà lẹ́yìn nǹkan kan, n kì í rẹ́rìn-ín mọ́, n kì í sì í mi orí. Mo máa ń béèrè pé ẹnu mélòó ni ó ní láti pa mọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó lè wà ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí ó rán Rogers níṣẹ́ kò nílò ju ènìyàn díẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà lọ. Síbẹ̀, kò pé ọdún mẹ́rin tí ó fi tú. Ẹni tí ó bá ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn káàkiri ayé ni ó ń pa àṣírí kan mọ́ láti ọgọ́rùn-ún ọdún wá, kò mọ ènìyàn. Mo sì máa ń béèrè pé kí ni yóò mú ọ gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ni kò tíì ronú kàn án rí. Nígbà mìíràn pàápàá, ohun tí a ní ó pamọ́ kò pamọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó ọjà Owónífarí ní Ọ̀ṣòdì, wọ́n sì ní kí àwọn ọlọ́jà kó lọ sí ọjà Ìsopakodòwò ní Bọ́ládé. Àwọn tí ọjà wọn wó ń wá ọwọ́ tí ó fẹ́ jẹ ilẹ̀ náà. Ìjọba ti sọ ọ́ síta pé ibùdókọ̀ ni yóò gba ibẹ̀, ibùdókọ̀ ńlá náà sì ti wà ní lílò láti ọdún 2019. Ìbéèrè tí ó yẹ ni iye tí a san fún àwọn tí a wó ọjà wọn, kò sì sí awo kankan nínú ìyẹn. Ìwọ̀sí lásán ni.

Orúkọ Ọ̀ṣòdì gan-an ń rán wa létí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Tápà ni Ọ̀ṣòdì Landuji, tí a ń pè ní Ọ̀ṣòdì Tápà. Ọmọdé ni nígbà tí ó dé ààfin Èkó, ó dé Bràsíìlì, ó sì padà wá di ọ̀gágun Ọba Kòsọ́kọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ọ̀ṣòdì bá olúwa rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìdí tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ àwọn bàbá wa ní ilé ìwé kò ju ọ̀kan lọ: láti fi òpin sí òwò ẹrú. Ẹni tí ó bá sọ ní ilé ìwé ní ọdún 1930 pé nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, olùkọ́ yóò ní kí ó jókòó. Ní ọdún 1961, J. F. Adé Àjàyí tẹ àròkọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nigeria Magazine nípa bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba Èkó láàrin ọdún 1851 sí 1861. Ó fi hàn pé Akíntóyè tí wọ́n dá padà kò fìgbà kan jẹ́ ọ̀tá òwò ẹrú tẹ́lẹ̀, àti pé ìfẹ́ láti di ọ̀nà òwò Èkó mú, pẹ̀lú epo pupa tí ń gba ibẹ̀ kọjá láti àárín ilẹ̀, wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́ ọ lábẹ́lẹ̀, kò sì fọgbọ́n orí rò ó. Inú lẹ́tà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kọ sí ara wọn ni ó ti rí i, àwọn lẹ́tà tí wọ́n tọ́jú pamọ́ dáadáa ní London. Ọ̀ṣòdì Tápà ti padà sí Èkó ní ọdún 1862, ó tẹ̀dó sí Èpètèdó, ó sì ti kú láti ọdún 1868.